Ìró Mẹ́rin Nínú Báàgì Ìyá Rótìmí

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò. Aago náà dá mi lójú nítorí pé èmi fúnra mi ni mo wo aago ara ògiri kí n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí mo kọ sínú ìwé yẹn lọ́jọ́ náà, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí wọn.

Oṣù kẹrin mi nìyẹn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìdógùn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Àkókó ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Mo gbọ́ èdè Ọ̀wọ̀ dáadáa, mo sì ń gbọ́ ti Ìdógùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ aṣọ funfun, Yorùbá inú ìwé ni gbogbo èèyàn máa ń bá mi sọ. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní wọ́n ń fi Yorùbá yẹn bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n sì ń fi í bo òtítọ́ mọ́ mi lójú.

Mátírọ́ọ̀nù ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, ó kọ́ mi ní ohun méjì. Èkíní, pé kí n má ṣe béèrè aago lọ́wọ́ aboyún.

"Ta ló ń wo aago nígbà tí inú ń run ún?" ó ní. "Bi í léèrè ohun tó ń ṣe nígbà náà. Ṣé ó ń fọ abọ́ ni? Ṣé ó ń di irun fún ọmọ aládùúgbò ni? Ó lè gbàgbé aago, kò ní gbàgbé abọ́."

Èkejì ni pé ohun tí ẹlòmíràn bá sọ fún mi, kí n kọ "ó ní" síwájú rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí tàbí tí ọwọ́ mi bà nìkan ni kí n kọ lásán. Inú mi dùn sí ìmọ̀ràn kejì yìí gan-an, nítorí pé bí mo ṣe máa ń ronú nìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Mátírọ́ọ̀nù ti lọ sí Ìfọ́n láti kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wá. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Kẹ́mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, aránṣọ ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó mí kanlẹ̀, ó dúró títí ìrora náà fi lọ. Ìgbà náà ló tó kí mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ wà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Rótìmí, ọmọ Ìyẹrè tí ọkọ gbé wá sí Ìdógùn, obìnrin kúkurú tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Rótìmí, ọkọ Kẹ́mi, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, kò sí nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Mátírọ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ìfọ́n, mà. Wọ́n á dé lọ́sàn-án."

Ìyá Rótìmí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìwọ nìkan ló wà níbí?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Kò burú. Ọlọ́run náà wà níbí."

Mo jókòó ti Kẹ́mi, mo ṣí ìwé. "Ìgbà wo ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Rótìmí ló dáhùn. "Aago márùn-ún ìdájí òní."

"Ṣé omi ti dà?"

"Rárá o."

Kẹ́mi ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ń wo ilẹ̀. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: *Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Omi kò tíì dà.* N kò kọ "ó ní." N kò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò lè sọ pé ẹ̀rù ló mú mi gbàgbé. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rù ń bà mí, àti pé n kò ṣe é.

Mo yẹ Kẹ́mi wò ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ ti ṣí tó sẹ́ńtímítà méjì. Kí ó tó pé márùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí la ṣì ń pè é, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀, pàápàá lára ẹni tí kò bímọ rí. Ìrora á máa wá, á máa lọ. Ní àsìkò yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò pọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó: kí obìnrin náà máa rìn, kí ó jẹun, kí ó mu omi, kí ó tọ̀, kí a bá a fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn, kí a sì máa gbọ́ ọkàn ọmọ látìgbàdégbà. Èyí tó ṣòro jù níbẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ rẹ̀ sí àyè ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́rin ni wọ́n kọ́ wa pé kí a yẹ obìnrin wò lábẹ́, nítorí pé ìgbàkigbà tí ọwọ́ bá wọlé, bó ti wù kí ìbọ̀wọ́ mọ́ tó, ó lè gbé àìsàn wọlé. Bí omi tó yí ọmọ ká bá ti dà, ewu náà tún pọ̀ sí i, nítorí pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Mo kọ ọ́ pé mo ba apò omi. Ohun tí ìka mi bà gan-an ni nǹkan kan tó ń yọ̀. Ó lè jẹ́ apò omi. Ó lè jẹ́ orí ọmọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé omi kò dà, nítorí náà apò omi ni mo bà.

Ọkàn ọmọ ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógóje ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó dára. Ara Kẹ́mi kò gbóná. Mo ní kí ó máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó mu ún tán.

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì náà nìyí," Ìyá Rótìmí ní, "kí aboyún máa rìn sókè rìn sódò bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì?"

Kẹ́mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ náà yóò dára.

Ṣùgbọ́n Ìyá Rótìmí kò jókòó. Ní gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti ń ṣí?" Mo ní ó kù díẹ̀. "Wò ó wò, jọ̀ọ́." Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, mo tún yẹ Kẹ́mi wò. Kò tíì pé wákàtí mẹ́rin. Wákàtí méjì péré ni. N kò lè ti gbogbo rẹ̀ sí Ìyá Rótìmí lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ̀ pẹ̀lú. Sẹ́ńtímítà méjì náà ni.

Ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, mo fọwọ́ kan iwájú orí Kẹ́mi, ó gbóná díẹ̀. Tẹmọ́mítà sọ pé 37.7. Ọkàn ọmọ ti gòkè díẹ̀. Mo bá ara mi jiyàn: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn ni, ọ̀sán ni, ẹ̀kọ gbígbóná ló mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àlàyé yìí ṣeé gbà gbọ́. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà kẹta. Mo kọ sẹ́ńtímítà mẹ́ta. Ó lè jẹ́ méjì ààbọ̀ tí mo fi ìfẹ́ inú mi kún.

Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́, òórùn kan wà lára rẹ̀. Kò pọ̀. Ó dà bí omi ìkòkò òdòdó tí wọ́n gbàgbé síbì kan. Mo dúró, mo tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé mo fẹ́ kí imú mi ti purọ́ fún mi.

Mo ń wá ohun tí mo lè tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aboyún wa máa ń kó ìró àtijọ́ tó ti rọ̀ wá sí ilé ìwòsàn fún irú èyí. Ìyá Rótìmí wà níwájú ilé, ó ń fi fóònù bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ṣí báàgì náà.

Gbogbo ohun tó wà lókè ni wọ́n ti lọ̀: aṣọ ọmọ, fìlà ọmọ, aṣọ àwọ̀sùn Kẹ́mi, àní àwọn aṣọ ìdí ọmọ pàápàá, wọ́n lọ̀ wọ́n, wọ́n ká wọn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Nísàlẹ̀ wọn ni ìró mẹ́rin wà. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, ọṣẹ ṣì ń rùn lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lọ̀ wọ́n. Ńṣe ni wọ́n kàn rún wọn mọ́ra. Méjì ti gbẹ dáadáa. Ẹ̀kẹta gbẹ, àfi etí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin tutù débi pé ó ti rin ìsàlẹ̀ báàgì.

Mo dúró níbẹ̀, mo gbé wọn lé apá, mo ń rò ó. Obìnrin tó lọ aṣọ ìdí ọmọ kò ní kó ìró tó rún sínú báàgì kan náà, àfi tí wọ́n bá dọ̀tí lẹ́yìn tó ti di báàgì tán. Ìró kan lè dọ̀tí. Mẹ́rin ńkọ́? Òjò kò sì dá láti ọjọ́ Ajé. Yẹ̀rì èmi fúnra mi tí mo sá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ṣì tutù lórí okùn. Ìró méjì tó ti gbẹ yìí, ìgbà tí oòrùn ti ràn kẹ́yìn ni wọ́n ti sá wọn. Ọjọ́ Àìkú ni oòrùn ti ràn kẹ́yìn.

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti fi ọwọ́ sínú obìnrin yìí.

Ìyá Rótìmí wọlé, ó rí àwọn ìró náà lápá mi.

"Mà," mo ní, "kí ni ẹ ń ṣe nígbà tí omi dà?"

Kò sọ pé omi kò dà. Ó fi fóònù sínú àpò. Ó jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó láti òwúrọ̀.

"Wọ́n fẹ́ kọ orin ìkẹyìn," ó ní. "Ó dìde láti kọrin, ó tún jókòó. Mo bọ́ ìborùn mi fún un. A ò dìde mọ́ títí gbogbo ìjọ fi jáde tán."

"Ọjọ́ Àìkú, mà?"

"Má pariwo, Nọ́ọ̀sì."

N kò pariwo. Kẹ́mi ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Mo fẹ́ sọ, Àǹtí. Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ sọ ọ́."

"Èmi ni mo ní kó má sọ," ni Ìyá Rótìmí wí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà oyún àkọ́kọ́ mi, omi dà báyìí, mo sọ fún gbogbo ilé. Wọ́n wá, wọ́n kún pálọ̀, wọ́n ń dúró. Ọjọ́ kẹta ni mo bí i. Kò ké. Mo ti sọ láti ìgbà náà pé ìyàwó kankan nínú ilé mi, kò sẹ́ni tó máa mọ ìgbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá tètè wí fún ẹ, ẹ ó gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á."

Mo mọ̀ pé nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ni ìsìn ìjọ wọn máa ń parí. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì gbáko ti kọjá. Mo tún wọn ìgbóná ara Kẹ́mi: 38.4. Mo gbé ìwo tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé inú rẹ̀, mo kà fún ìṣẹ́jú kan: méjìdínláàádọ́sàn-án.

Ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dúró sí, ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Mo pe Mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀.

"Omi ti dà láti ọjọ́ Àìkú, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá ọkọ rẹ̀. Mo sì rí àwọn aṣọ tí wọ́n fọ̀."

Ó béèrè ìgbóná ara. Ó béèrè ọkàn ọmọ. Mo sọ fún un.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Mo lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mà."

Mo gbọ́ òjò lórí páànù níbi tó wà.

"Má fi ọwọ́ kàn án mọ́. Fa omi sí i lára, fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, kí o kọ aago tí o fún un. Ránṣẹ́ pe Bàbá Tíṣà kó gbé mọ́tò jáde. Ọ̀wọ̀ ni kí ẹ kọrí sí. Má dúró dè mí."

Mo gún iṣan Kẹ́mi ní àkọ́kọ́, mo kùnà.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni, Àǹtí?"

"Rárá," mo ní. Wọ́n ti pa irọ́ méjì nínú yàrá yẹn láti òwúrọ̀. Èmi ni mo pa ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí iṣan náà.

Bàbá Tíṣà jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Mọ́tò rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ́ bí abọ́ oúnjẹ. A kúrò ní aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kẹ́mi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé orí lé itan ìyá ọkọ rẹ̀, èmi kúnlẹ̀ sí àlàfo iwájú wọn, mo fi ọwọ́ kan gbé omi tó ń kán sókè. Kò sí mọ́tò mìíràn lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ní gbogbo kọ́nà ni Bàbá Tíṣà ń na ọwọ́ síta fèrèsé láti fi hàn pé òun fẹ́ yà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀."

"Mò ń sáré, ọmọ mi."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó dúró kí n lè gbọ́ ọkàn ọmọ. Lẹ́ẹ̀kejì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ìwo náà sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì. Ìyá Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Mà, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo wọn dákẹ́. Mo pa ojú dé. Lílù ọkàn ara mi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú etí mi. Lábẹ́ rẹ̀, mo wá gbọ́ òmíràn tó yára jù ú lọ. N kò ka ìṣẹ́jú kan pé. Mo ka ìdajì rẹ̀, mo sì ní kí Bàbá máa lọ. Ọkàn ọmọ náà ń sáré jù, ṣùgbọ́n ó ń lù.

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo fà á lé wọn lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀wọ̀. Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, ó béèrè ìgbà tí omi dà.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú ni, kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn," mo ní. "Aago náà kò dá mi lójú. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ fi hàn pé kò kéré sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ó wò mí. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tì í gba ẹnu ọ̀nà kan, ilẹ̀kùn náà sì padé. Kẹ́mi kò bojú wẹ̀yìn. N kò mọ̀ bóyá ó lè bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Rótìmí dúró tì í, ṣùgbọ́n èmi ní láti padà, nítorí pé kò sẹ́nikẹ́ni ní ilé ìwòsàn wa. Nígbà tí èmi àti Bàbá Tíṣà dé Ìdógùn, Mátírọ́ọ̀nù ti wà níbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ti gbé ọmọ náà jáde. Ọkùnrin ni."

"Ṣé ó ké?"

"Wọ́n ní ó ké."

"Ta ló gbọ́ ọ, mà?"

Ó ṣẹ́jú sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí. Jókòó, kí o kọ̀wé rẹ."

Mo jókòó. Mo fa ìlà kan kọjá lórí "omi kò tíì dà," n kò pa á rẹ́, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò wádìí.* Mo kọ ìgbà mẹ́ta tí mo yẹ̀ ẹ́ wò àti aago ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi Mátírọ́ọ̀nù bóyá ọwọ́ mi ló fa ibà náà. Ó ní òun kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó lè ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé. Ọwọ́ mi sì lè ti dá kún un. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́nà púpọ̀ láti ìgbà náà, ibi tí Mátírọ́ọ̀nù fi í sí náà ló ṣì wà.

Mo sá ìró kẹrin, èyí tó tutù, sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, etí rẹ̀ ṣì tutù. Ìṣirò mi kò ṣìnà.

Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, "wọ́n ní" ni: wọ́n ní ọmọ náà lo ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ ìtọ́jú àkànṣe, wọ́n ní ibà Kẹ́mi lọ, wọ́n ní wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, bí aboyún kan bá wọlé, mo máa ń fi ọwọ́ sẹ́yìn kí n tó kí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá Rótìmí wá gba ìró rẹ̀. Mo ti lọ̀ wọ́n, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo bí mo ṣe ká wọn, ó ní, "Ẹni tó kọ́ ẹ ní aṣọ kíká kò ṣe dáadáa." Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn sí mi, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó ń sùn.

Mo ṣí aṣọ díẹ̀ níbi èjìká rẹ̀, mo gbé aago mi sókè. 

"Kí lò ń ṣe lẹ́yìn mi níbẹ̀?"

"Mò ń kà, mà. Ẹ má mira."

Kò mira. Mo ka èémí ọmọ náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, n kò fo ọ̀kankan. Mẹ́rìnlélógójì ni, bó ṣe yẹ lára ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.